Ṣé Orúkọ Ara Ìgò Là Ń Mu, àbí Ọtí Inú Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, ọ̀rọ̀ ọtí ni. Ẹ má tíì ṣí ìwé ìròyìn yìí sí ojú ewé mìíràn o. Ẹ̀yin tí ẹ kì í fi ẹnu kan ọtí nítorí ẹ̀sìn tàbí nítorí ìlera, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ká lọ. Ìgò ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ju ìgò lọ.

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀rẹ́ mi kan ṣe ayẹyẹ ọjọ́ ìbí ọdún 50. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́, aṣọ ẹbí ń tàn yanran, ìlù ń dún. Àwọn ìgò tí gbogbo wa mọ orúkọ wọn tò sórí tábìlì bí àwọn ọmọ ilé ìwé tó tò ní àárọ̀ Mọ́ńdè. Èmi náà ò lọ lọ́wọ́ òfo. Mo gbé ìgò wáìnì pupa méjì dání, èyí tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí wọ́n ti ń ta nǹkan ilẹ̀ Ítálì. Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi gbà á tayọ̀tayọ̀. Ó yí ìgò náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ń wá orúkọ tó mọ̀. Kò rí i. Ó kí mi, ó dúpẹ́, ó rọra gbé ìgò méjèèjì sí abẹ́ tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi inú ike.

Nígbà tí a ń palẹ̀ mọ́ lóru, àbúrò wa kan gbé wọn padà fún mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa gbé tiyín lọ. Àwọn èèyàn ò mọ eléyìí.”

Mi ò bínú. Ta ni mo fẹ́ bínú sí? Èmi alára ti ṣe irú ẹ̀ rí. Ní bí 20 ọdún sẹ́yìn tí mo dé Ìlú Ọba wá kàwé gboyè kejì nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ, bí wọ́n bá pè mí sí òde, orúkọ ara ìgò ni mo máa ń wò. Tí kò bá jẹ mọ́ ilẹ̀ Faransé, tí mi ò sì tíì rí i lórí tábìlì ẹni ńlá kan, mo máa fò ó kọjá ni. Kì í ṣe pé mo mọ ìyàtọ̀ o. Mo ń bẹ̀rù kí wọ́n má rò pé ahun ni mí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àbúrò wa yẹn, “àwọn èèyàn ò mọ eléyìí,” tẹ̀ lé mi délé. Ó bá mi wọ mọ́tò, ó bá mi dórí bẹ́ẹ̀dì. Nítorí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ohun tó wà nínú ìgò náà kúrò láyé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Orúkọ èso àjàrà tí wọ́n fi pọn wáìnì mi yìí ni Schioppettino. Bí àwọn ará Ítálì ṣe ń pè é, ó sún mọ́ “Skiopẹtíínò.” Mo mọ̀ pé ó le lẹ́nu. Ṣùgbọ́n àwa tí à ń fẹ́ kí òyìnbó pe Olúwafẹ́rànmí tán pátá, ẹ má jẹ́ ká ráhùn.

Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n nìyí. Ilé iṣẹ́ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ra ẹ̀rọ ńlá kan tí ń tẹ irin gbígbóná, láti agbègbè ìlú Udine, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Ítálì. Wọ́n rán mi lọ síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí n dúró ti ìdánwò ẹ̀rọ náà kí wọ́n tó dì í ránṣẹ́. Bàbá àgbà kan wà níbẹ̀, atọ́rọ̀ṣe tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èmi náà ò gbọ́ Ítálì. Ìwé àwòrán ẹ̀rọ àti ọwọ́ la fi ń sọ̀rọ̀, a sì gbọ́ra wa yé. Ní ọjọ́ Sátidé kejì, ó ní kí n bọ́ sínú mọ́tò òun. A dorí kọ ìlà-oòrùn, kò tó wákàtí kan tí a fi dé abúlé kan tó ń jẹ́ Prepotto.

Prepotto kéré o. Ẹni tó bá sín ní ìpẹ̀kun kan, ará ìpẹ̀kun kejì á gbọ́, á sì kí i. Ẹ̀bá odò Judrio ló wà, òkè kejì odò náà sì ni ilẹ̀ Slovenia. Òkè kéékèèké ló yí i ká, wọ́n gé ẹ̀gbẹ́ àwọn òkè náà bí àtẹ̀gùn, wọ́n gbin àjàrà sí i. Ilẹ̀ ibẹ̀ yà mí lẹ́nu. Àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní ponca. Bí o bá gbẹ́ ẹ, ó le bí òkúta, ṣùgbọ́n tí òjò àti oòrùn bá bá a jà díẹ̀, á rún wómúwómú. Àwọn òkè ńlá Alps wà ní òkè, wọ́n ń bá wọn dí òtútù. Òkun Adriatic wà nísàlẹ̀, ó ń fẹ́ atẹ́gùn lílọ́wọ́ọ́wọ́ sókè sí wọn. Nítorí náà, ọ̀sán máa ń móoru, òru sì máa ń tutù. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a máa tó padà síbẹ̀.

A wọ ilé àgbẹ̀ kan. Wọ́n gbé búrẹ́dì àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ gbígbẹ sílẹ̀, wọ́n bu wáìnì pupa kan fún mi nínú kọ́ọ̀bù onígíláàsì. Mo gbé e sí imú. Ẹ gbà mí! Ohun tó kọ́kọ́ lu imú mi kì í ṣe èso. Ata ni! Kì í ṣe ata rodo, kì í ṣe ṣọ̀ǹbọ̀. Ó dà bí ata dúdú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, ó sì rán mi létí ìyèré tí ìyá mi àgbà máa ń gún sí ọbẹ̀ ẹja fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Lẹ́yìn ata yẹn ni òórùn èso dúdú kan dé, bíi àgbáyun tó pọ́n jù. Nígbà tí mo tọ́ ọ wò, kò wúwo lẹ́nu, kò há mi lọ́fun, ó kàn ń ṣàn lọ jẹ́jẹ́. Mo wo bàbá náà, ó rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ mu wáìnì láì bi ara mi léèrè pé èló ni wọ́n ń tà á.

Ó ṣe wá jẹ́ pé irú nǹkan báyìí wà láyé, tí ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún wa? Ìtàn rẹ̀ nìyí.

Àjàrà yìí kì í ṣe àlejò ní Prepotto. Àwọn ará ibẹ̀ a máa tọ́ka sí ọdún 1282, pé wọ́n ti dárúkọ rẹ̀ nígbà ìgbéyàwó kan ní Albana, lábẹ́ Prepotto níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ jọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe kí nǹkan máa ta pàràpàrà. Àwọn kan ní nítorí pé èso rẹ̀ máa ń bú lẹ́nu tí o bá fi eyín kàn án ni. Àwọn mìíràn ní nítorí pé ọtí rẹ̀ láyé àtijọ́ máa ń hó díẹ̀ ni. Wọ́n tún ń pè é ní Ribolla Nera. Ìgbà tó yá ni ìyà dé. Ní àwọn ọdún 1860 sókè, kòkòrò kan tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, tí wọ́n ń pè ní phylloxera, ti Amẹ́ríkà wọ Yúróòpù, ó ń fa omi gbòǹgbò àjàrà mu, gbogbo oko sì ń kú. Ohun tó gbà wọ́n ni pé wọ́n lọ́ ẹ̀ka àjàrà ilé mọ́ gbòǹgbò àjàrà Amẹ́ríkà tí kòkòrò náà ò lè pa, bí ìgbà tí Pọ́ọ̀lù ń sọ nípa ẹ̀ka igi ólífì. Oko di gbígbìn padà. Ṣùgbọ́n kí ni àgbẹ̀ gbìn? Ó gbin èyí tí ọjà ń bèèrè. Merlot ló gbìn, Cabernet ló gbìn, àwọn orúkọ Faransé tí gbogbo ayé mọ̀. Schioppettino ò sí lára wọn. Àwọn èèyàn ò mọ eléyìí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ogun àgbáyé àkọ́kọ́ dé, ní agbègbè yẹn kan náà. Odò Judrio yẹn ni ààlà Ítálì àti Austria títí di 1915. Ogun kejì tẹ̀ lé e. Àwọn ọ̀dọ́ kó lọ sí ìlú ńlá àti sí òkè òkun láti wá iṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí èmi àti ẹ̀yin náà ṣe ṣe. Nígbà tí yóò fi di 1970, àjàrà náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Èyí tó wá burú jù ni pé òfin lòdì sí i. Ìjọba ní ìwé kan tó to orúkọ àjàrà tí àgbẹ̀ lè gbìn ní agbègbè Udine lẹ́sẹẹsẹ. Schioppettino ò sí nínú ìwé náà. Ẹni tó bá gbìn ín, arúfin ni. Ẹ ò rí nǹkan! Ohun tó ti wà nílé fún 700 ọdún di ohun tí wọ́n lè torí ẹ̀ mú ọmọ onílé.

Ọdún 1970 yẹn ni tọkọtaya kan, Paolo Rapuzzi àti Dina ìyàwó rẹ̀, ra ilẹ̀ ní Cialla, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Prepotto. Wọn kì í ṣe ọlọ́rọ̀ ìran wáìnì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń bi àwọn arúgbó léèrè pé ṣé igi kan ò kù lẹ́yìnkùlé yín. Gbogbo èyí tí wọ́n rí kó jọ, kò tó 100 igi. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti gé ẹ̀ka, wọ́n lọ́ ọ, wọ́n gbìn ín, wọ́n sì mọ̀ pé òfin lè fa á tu. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ti ṣèlérí fún wọn pé wọn á rí i tà.

Ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, ìdílé Nonino wà, àwọn tó ń pọn ọtí grappa ní Percoto. Ní oṣù kọkànlá 1975, Giannola Nonino àti ọkọ rẹ̀ Benito dá ẹ̀bùn kan sílẹ̀ fún àgbẹ̀ tó bá gbin àwọn àjàrà ìbílẹ̀ tó ń kú lọ. Orúkọ ẹ̀bùn náà ni Risit d'Aur, èdè ìbílẹ̀ àwọn ará Friuli ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ọ̀mùnú àjàrà oníwúrà. Ẹ gbọ́ o: wọ́n ń fún èèyàn ní ẹ̀bùn lójú ayé torí pé ó gbin ohun tí ìjọba ní kí wọ́n má gbìn. Àwọn Rapuzzi ló kọ́kọ́ gbà á, ní 1976. Ọdún yẹn kan náà, ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún, ilẹ̀ mì tìtì ní Friuli, ó sì pa èèyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000. Ibi tí ilé ti wó tí òkú ti sùn, ta ló tún máa rántí àjàrà? Síbẹ̀, wọ́n rántí. Àwọn Rapuzzi ń bá iṣẹ́ lọ, àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé wọn, ọ̀rọ̀ náà dé etí ìjọba, wọ́n sì yí òfin náà padà. Lónìí, Schioppettino ti wá di ohun tí Prepotto fi ń yangàn.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé, “Bọ̀dá ẹnjiníà, kí ló kàn wá níbẹ̀?” Ẹ farabalẹ̀. Ẹ̀bùn Nonino yẹn ò dúró lórí àjàrà nìkan. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn òǹkọ̀wé náà, wọ́n sì kà wọ́n mọ́ ẹni tó ń tọ́jú ohun tó fẹ́ sọnù. Ní 2001, ẹ̀bùn náà bọ́ sọ́wọ́ ọmọ Kẹ́ńyà kan, Ngũgĩ wa Thiong'o, ẹni tó papò dà ní 2025. Ngũgĩ yìí, òkìkí rẹ̀ ti kàn ní Gẹ̀ẹ́sì kó tó pinnu pé èdè ìyá òun, Gĩkũyũ, lòun á máa fi kọ ìtàn. Inú ẹ̀wọ̀n ló ti kọ ìwé ìtàn rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Gĩkũyũ, orí bébà ìnudìí ló sì kọ ọ́ sí. Àwọn tó yin àgbẹ̀ nítorí 100 igi àjàrà ló tún yin ọmọ Áfíríkà nítorí èdè ìyá rẹ̀. Nígbà tí mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó yé mi pé ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Kí n wá fi ojú iṣẹ́ mi wò ó díẹ̀, nítorí ata inú wáìnì yẹn ò jẹ́ kí n sinmi. Ní 2008, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Ọsirélíà tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn ti rí ohun tó ń mú kí wáìnì kan máa rùn bí ata dúdú. Wọ́n pè é ní rotundone. Ohun kan náà ló wà nínú ata dúdú fúnra rẹ̀. Ní 2011, wọ́n tún fi hàn pé ó wà nínú Schioppettino. Ara èèpo èso ló pọ̀ sí, ibi tí ó bá sì tutù díẹ̀ ló ti máa ń pọ̀ jù. Ẹ rántí òru tútù Prepotto tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Agbára nǹkan yìí ò kéré: tí ó bá ti tó náánógíráàmù 16 nínú lítà wáìnì pupa kan, imú á gbọ́ ọ. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ sórí ìwé. Gíráàmù kan ṣoṣo tó láti mú kí wáìnì tó kún adágún ìwẹ̀ Olíńpíìkì 25 máa rùn bí ata. Èyí tó wá dùn mí nínú jù ni pé nínú èèyàn márùn-ún, bí ẹnì kan ò lè gbọ́ òórùn yìí rárá, bó ti wù kó pọ̀ tó. Kì í ṣe àìmọ̀kan, bí imú onítọ̀hún ṣe rí nìyẹn. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun ò gbọ́ òórùn ata kankan, ẹ má bá a jà.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ní lọ́kàn gan-an. Lójú tèmi, àwa tí a wà nílẹ̀ àjèjì ti fi ìgò ṣe òṣùwọ̀n ara wa jù. Bí ọkùnrin kan bá ṣe òde, a kì í bèèrè pé ṣé ọtí rẹ̀ dùn. A máa ń bèèrè pé irú èwo ló gbé kalẹ̀. Àwọn kan ń yáwó ra ìgò tí wọn ò fẹ́ràn adùn rẹ̀, kí àwọn tí kò fẹ́ràn adùn rẹ̀ náà lè rí i lórí tábìlì, kí wọ́n yà á ní fọ́tò. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni à ń tàn?

Ṣebí àwa la ni ẹmu. Baba tó wà lábẹ́ igi lóko, tí o bá bu ògùrọ̀ fún un tí o ní ẹmu ọ̀pẹ ni, á rẹ́rìn-ín sí ẹ. Á sọ bóyá àárọ̀ yìí ni wọ́n dá a tàbí àná, á sọ bóyá wọ́n ti bu omi lù ú. Kò sí orúkọ kankan lára igbá. Ẹnu rẹ̀ ló fi mọ̀ ọ́n. Ìmọ̀ yẹn wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Ìgbà wo la gbé e jù sílẹ̀, tí a ń dúró kí ìpolówó ọjà tó wá sọ fún wa pé nǹkan dùn?

Wọ́n lè dá mi lóhùn pé nǹkan òyìnbó ni gbogbo ẹ̀, pé Prepotto ò kàn wá. Ó dáa. Ṣé Cognac kàn wá? Ìlú kan ní ilẹ̀ Faransé ni Cognac. Ṣé Champagne kàn wá? Agbègbè kan ni ní ilẹ̀ Faransé kan náà. Orúkọ abúlé àti orúkọ oko ni gbogbo ẹ̀. Kò sí èyí tó bọ́ láti ọ̀run. Àwọn èèyàn wọn tọ́jú wọn, wọ́n pariwo wọn, a sì gbọ́. Àwọn ará Prepotto ò tíì rí owó pariwo tó bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Abẹ́òkúta, tí àlejò pàtàkì bá ń bọ̀, ìrẹsì òkè òkun ni màmá mi máa ń sè. Ọ̀fadà, tiwa ni, a máa ń jẹ ẹ́ láàárín ara wa, pẹ̀lú òkúta inú ẹ̀. Lónìí ńkọ́? Àwa tá a wà níbí là ń bẹ ẹni tó ń ti ilé bọ̀ pé kó jọ̀wọ́ wá àyè fún ọ̀fadà nínú àpótí ẹ̀, tí owó rẹ̀ sì ga ju ti èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ. Ìrẹsì náà ò yí padà. Ojú tí a fi ń wò ó ló yí padà.

Mi ò ní purọ́ fún yín o. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ayé gbàgbé ló dára. Mo ti mu Schioppettino tí kò dáa rí: àjàrà rẹ̀ ò pọ́n tó, ó ń rùn bí ewé tútù, omi rẹ̀ sì kan. Ẹ má mu nǹkan nítorí àánú. Owó rẹ̀ náà ò kéré. Ó lè tó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta èyí tí ẹ máa rí ní súpámákẹ́ẹ̀tì, kì í sì í sí níbi gbogbo, nítorí ilẹ̀ tí wọ́n gbìn ín sí ò pọ̀. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fi ọgọ́rùn-ún ìgò rẹ̀ ṣe òde. Ohun tí mò ń sọ ni pé nínú ìgò mẹ́wàá tí ẹ máa rà lọ́dún, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ fún yín pé ó dára. Ẹ fi ẹnu ara yín dájọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ wá a, kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta wáìnì Ítálì, kó wo ara ìgò bóyá á rí Schioppettino, pẹ̀lú Prepotto, Cialla tàbí Friuli Colli Orientali. Ẹ má gbé e kalẹ̀ ní gbígbóná bí ilé wa ṣe máa ń gbóná lásìkò òtútù. Ẹ fi sí fíríìjì fún ìṣẹ́jú 20 sí 30, kó tutù díẹ̀. Ní ti oúnjẹ, àwọn ará ibẹ̀ máa ń fi jẹ ẹran pẹ́pẹ́yẹ àti ẹran ìgbẹ́. Ní ilé tèmi, àsun la fi ń jẹ ẹ́, ó sì bá a mu gan-an ni, nítorí wáìnì náà ò há lọ́fun. Ṣùgbọ́n ẹ rọra fi ata sí i, torí ọtí a máa mú kí ata ta èèyàn sí i. Ẹ mu ún níwọ̀n, kí ẹni tó máa wa mọ́tò má fẹnu kàn án.

Ìgò méjì tí wọ́n gbé padà fún mi yẹn ńkọ́? Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo pe ọ̀rẹ́ mi ọlọ́jọ́ ìbí wá sílé. Ìyàwó mi sun ẹran ewúrẹ́. Mo ṣí ọ̀kan, mi ò sọ nǹkan kan. Ọmọbìnrin mi tó jẹ́ ọdún 15, tí kò lè mu ọtí, gbé kọ́ọ̀bù mi, ó kàn fi imú gbọ́ ọ, ó ní, “Dádì, ó ń rùn bí ọbẹ̀ màmá àgbà.” Yorùbá ló fi sọ ọ́. Ọmọ tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń fi dá mi lóhùn! Mo gbójú kúrò lára rẹ̀ kó má bàa rí omi ojú mi.

Ọ̀rẹ́ mi fi imú gbọ́ ọ, ó tún gbọ́ ọ, ó ní òun ò gbọ́ ata kankan. Ẹ wo ìṣirò ẹnì kan nínú márùn-ún níbẹ̀! Mo rẹ́rìn-ín, mo ṣàlàyé fún un. Síbẹ̀, ó bu ife kejì. Nígbà tó ń lọ, ó ní, “Ìgò kejì yẹn, má gbé e fún ẹlòmíì o. Mo ń bọ̀ wá gbà á.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, nǹkan kì í kú torí pé kò dára nìkan. Tí ẹnikẹ́ni ò bá bèèrè rẹ̀ mọ́, ó ń kú lọ nìyẹn. Igi àjàrà tí kò tó 100 kù lẹ́yìnkùlé àwọn arúgbó, torí ẹnì kan ṣì wá kan ilẹ̀kùn. Àbala Yorùbá tí ẹ ń kà yìí náà ńkọ́? Tí a kò bá kà á mọ́, olóòtú ò ní bá wa jà. Á kàn fi ìpolówó ọjà dí àyè rẹ̀ ni, iṣẹ́ á sì máa lọ. Lọ́jọ́ náà, bí ọmọ wa kan bá bèèrè pé kí ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ má jẹ́ ká dá a lóhùn pé àwọn èèyàn ò mọ eléyìí.

Ó dìgbà kan ná. Ẹ kí àwọn ọmọ fún mi o, Yorùbá ni kí ẹ fi kí wọn.